Nelson: Orúkọ Bàbá Tí Ó Di Orúkọ Àbísọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí orúkọ ti lo òwe yìí títí, ó kù díẹ̀ kí ó má ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ bíi Nelson, èyí tí àwọn òbí ń sọ ọmọkùnrin wọn láti Warri dé Accra, títí lọ dé Gúúsù Áfíríkà, òwe náà tún di ìbéèrè gidi. Ilé ta ni wọ́n wò? Kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Kò sí Nelson nínú Bíbélì, kò sì sí i nínú orúkọ tí àwọn baba ńlá ilẹ̀ yìí fi sílẹ̀. Orúkọ ìdílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, èyí tí ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí, tí ó wá jókòó sí iwájú.

Àwọn ìwé pẹlẹbẹ atúmọ̀ orúkọ ọmọ máa ń dá ìbéèrè náà lóhùn ní ìlà kan ṣoṣo: Nelson, ‘ọmọ akọni’. Inú òbí á dùn, olùkọ́ á da ìlà náà kọ sí pátákó, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtumọ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi ojú orúkọ Yorùbá wo orúkọ tí kì í ṣe ti Yorùbá. Akínwándé jẹ́ gbólóhùn. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá gbọ́ ọ, ìyá àti bàbá tí wọ́n sọ ọ́ sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Iṣẹ́ tí Modupe Oduyoye ṣe ní 1972 lórí ìhun orúkọ Yorùbá, àti ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Adeboye Babalola àti Olugboyega Alaba gbé jáde ní 2003, dúró lórí òtítọ́ yìí: ìhun ni ó ń gbé ìtumọ̀ jáde. Ẹni tí ó bá wá tú Nelson palẹ̀ bí ẹni tú Akínwándé palẹ̀ ń wá ẹja lórí igi.

Kí ó tó ṣeé ṣe láti fi èyí hàn, ó yẹ kí a mọ ibi tí orúkọ náà ti wá ní tòótọ́. Niall ni gbòǹgbò rẹ̀, orúkọ àwọn ará Ireland. Àwọn jagunjagun ojú omi láti àríwá Yúróòpù gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì di Njáll ní Iceland. Àwọn ìran wọn tí wọ́n tẹ̀dó sí Normandy àti sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mú un wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bíi Neel tàbí Nel. Ìtumọ̀ Niall fúnra rẹ̀ kò dá àwọn onímọ̀ lójú: àwọn kan ní ‘akọni’ ni, àwọn mìíràn ní ‘ìkùukùu’ ni. ‘Ọmọ akọni’ tí ìwé pẹlẹbẹ fi ń yangàn kò ju ẹ̀gbẹ́ kan àríyànjiyàn tí kò tíì parí lọ. Kò sí ìwé pẹlẹbẹ tí yóò kọ ‘ọmọ ìkùukùu’ síwájú òbí tó fẹ́ ra ìwé.

Àṣìṣe kan tún wà lójú ọ̀nà tí ó pani lẹ́rìn-ín. Àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fi èdè Látìn kọ ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó-orí kò mọ ohun tí wọn yóò fi Neel ṣe. Wọ́n sọ ọ́ di Nigellus, bí ẹni pé inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ‘dúdú’ ni ó ti jáde. Láti ibẹ̀ ni orúkọ Nigel ti wá, tí àwọn ìwé atúmọ̀ sì ń kọ ‘dúdú’ síwájú rẹ̀. Àṣìkọ akọ̀wé di ìtumọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé-ẹ̀rí ilé ìwé, tí lẹ́tà kan ti sọnù nínú rẹ̀, tí ó sì di dandan kí ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ayé, yóò mọ̀ pé irú iṣẹ́ akọ̀wé yìí kò tíì dópin.

Ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo kọ́ ni Nelson tún ní. Nígbà tí àwọn ará Sweden àti Denmark ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń jẹ́ Nilsson tàbí Nielsen yí i padà sí Nelson kí ó lè rọ ahọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn. Bí Nils ṣe jẹ́ ìgékúrú Nicholas, tí Nicholas sì jẹ́ orúkọ Gíríìkì tí ó ní í ṣe pẹ̀lú ìṣẹ́gun, Nelson ti irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò bá Niall tan rárá. Ojú jọ ojú ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Apá tó kẹ́yìn nínú orúkọ náà, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘ọmọ’, ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó ń kọ́ni ní èdè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Nelson: bàbá ẹni náà ń jẹ́ Nel. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń jẹ́ John, ọmọ John kì í ṣe Nelson mọ́, Johnson ni. Ìgbà tí òfin, owó-orí àti ìwé ogún ilẹ̀ wá fẹ́ orúkọ kan tí kì í yí padà, ìyẹn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ni orúkọ náà dì bí omi ṣe ń di yìnyín. Láti ìgbà náà ni ẹni tí bàbá rẹ̀ kò jẹ́ Nel ti ń jẹ́ ọmọ Nel.

Kò yẹ kí Yorùbá fi èyí rẹ́rìn-ín. Ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ nílé. Táíwò jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá. Ìbejì tó kọ́kọ́ dé ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ní kí olúkúlùkù mú orúkọ bàbá wá, àìmọye ènìyàn ni ó ń jẹ́ Táíwò tí wọn kò bí ní ìbejì, àìmọye Àjàyí ni kò dojú bolẹ̀ wá sáyé, àìmọye Àìná ni ìwọ́ kò sì yí mọ́ lọ́rùn. Lórí orúkọ ìdílé, àmútọ̀runwá ti di Nelson. Àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé pé kò sí orúkọ Yorùbá tí kò ní ìtumọ̀ máa ń gbójú fo ibí yìí, ó sì jẹ́ àlébù kan pàtàkì nínú iṣẹ́ wọn. Orúkọ ní ìtumọ̀ nínú èdè. Bóyá ó tún ní in lára ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àṣà fífi orúkọ ìdílé ṣe orúkọ àbísọ kò ti pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. William Camden ṣe àkíyèsí rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1605 gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun tí òun kò rí ní ibòmíràn ní ilẹ̀ àwọn onígbàgbọ́. Àwọn ọlọ́lá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ìyá ọmọ bá ti ìdílé ńlá wá, wọn kì í fẹ́ kí orúkọ ìdílé náà parun lẹ́yìn ìgbéyàwó, nítorí náà wọ́n á fi sọ ọmọkùnrin. Guildford Dudley, ọkọ Lady Jane Grey, tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1554, jẹ́ àpẹẹrẹ kan: Guildford ni orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀. Nínú irú ìsọmọlórúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n wo ilé lóòótọ́, ilé àna ni wọ́n wò. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn akọni ìlú bọ́ sínú rẹ̀. Òǹkọ̀wé Washington Irving, tí wọ́n bí ní New York ní 1783, gba tirẹ̀ lára ọ̀gágun tó ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Horatio Nelson kú nínú ogun ojú omi ní Trafalgar ní ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kẹwàá, 1805, kò yani lẹ́nu pé orúkọ tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìwé ìsàmì ọmọ àwọn ẹlòmíràn.

Àṣà yìí tètè dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìsàmì fún Àjàyí ní ilẹ̀ Sàró ní 1825, orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Samuel Crowther, ni wọ́n fún un lódindi, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Crowther túmọ̀ sí ẹni tó ń ta irú ohun èlò orin olókùn kan. Kò sí ẹni tó rò ó. Nígbà tí òun náà bí ọmọ ní 1844, ó sọ ọ́ ní Dandeson Coates, orúkọ akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Àna Crowther, tí ó dá ilé ìwé Grammar School ti CMS sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ń jẹ́ Thomas Babington Macaulay, orúkọ kan náà pẹ̀lú òpìtàn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1800. Orúkọ ìdílé ni Babington pẹ̀lú: ti ọkọ arábìnrin bàbá òpìtàn náà. Orúkọ àna ẹlòmíràn, ní ìlú ẹlòmíràn, ni ọmọ Yorùbá ń jẹ́ káàkiri Èkó. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ilé tí wọ́n wò, ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ajíhìnrere ni.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Ní 1894, David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, pa orúkọ náà tì, ó di Mojola Agbebi. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ yé Yorùbá tó wà lónìí, wọ́n sì máa ń yìn ín nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Nelson kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń sọ ọmọ wọn ní Nelson láti 1990 síhìn-ín kò rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń júbà. Adúláwọ̀ kan ni wọ́n ń júbà.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Keje, 1918, ní abúlé Mvezo ní ilẹ̀ àwọn Thembu, ni wọ́n bí ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ sọ ní Rolihlahla. Ní èdè Xhosa, ‘fífa ẹ̀ka igi’ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni ‘adárúgúdù-sílẹ̀’. Ẹni tó bá mọ orúkọ àbísọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀: orúkọ tó ń sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí ọmọ náà tó bí ọdún méje, ó wọ ilé ìwé àwọn ajíhìnrere ní Qunu. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ rẹ̀, Miss Mdingane, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọn yóò máa dáhùn sí nínú kíláàsì. Tirẹ̀ ni Nelson. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1994, Mandela sọ pé òun kò mọ ìdí tí olùkọ́ náà fi yan èyí fún òun. Ó dá a lábàá pé ó lè ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àbá lásán ni ó pè é.

Ibí ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè dúró díẹ̀. Òyìnbó kọ́ ni Miss Mdingane. Obìnrin adúláwọ̀ ni, èdè ọmọ náà sì ni èdè tirẹ̀. Ó gbọ́ Rolihlahla, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí, ó sì fi Nelson rọ́pò rẹ̀ nítorí pé bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Kò gba ilé wò, kò bèèrè lọ́wọ́ bàbá. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orúkọ tó kàn wá sí i lọ́kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ Henry mọ́ Gadla, ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Fanny mọ́ Nosekeni, nítorí náà kò jọ ohun àrà. Ìwà ipá tó wà níbẹ̀ kò pariwo. Kò sí ẹni tó na ọmọ náà. Wọ́n kàn kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Ohun tí Mandela ní lẹ́yìn Nelson ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti Yorùbá mu jù. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ nílà gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin, ó gba orúkọ Dalibunga, tí ó jẹ mọ́ dídá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Orúkọ ìran rẹ̀ ni Madiba, orúkọ olóyè Thembu kan láyé àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un ní Qunu kì í pè é ní Nelson. Madiba ni wọ́n ń pè é, bí Yorùbá ṣe ń fi oríkì orílẹ̀ pọ́n ènìyàn lé. Ní ti Mandela, orúkọ àbísọ bàbá bàbá rẹ̀ ni, ọmọ ọba Ngubengcuka. Inú ìwé ilé ìwé àti ìwé ìjọba ni ó ti di orúkọ ìdílé. Nítorí náà, nínú ‘Nelson Mandela’, orúkọ ìdílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí àyè orúkọ àbísọ, orúkọ àbísọ Xhosa sì jókòó sí àyè orúkọ ìdílé. Ohun gbogbo yí padà, Rolihlahla nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Láti èyí ni àríwísí tó yẹ kí wọ́n ṣe sí àṣà yìí ti jáde. Òbí tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Nelson nítorí Mandela yan èyí tí Mandela gbà ní tipátipá nínú gbogbo orúkọ tí ó ní. Òbí tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Mandela, èyí tí àwọn kan ń ṣe, sún mọ́ ìpìlẹ̀ jù, bí ó tilẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n: ó dá orúkọ náà padà sí ipò tó ti wà rí, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo. Madiba bá ojú àṣà Xhosa mu gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ohun ìran ni. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìran náà tó ń jẹ́ ẹ dà bí àlejò tó ń fi oríkì Olúfẹ̀ kí ara rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọn yóò ní kí a kọ Nelson sílẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ní ẹ̀rí. Ọ̀gágun náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ adúláwọ̀. Ní 1805, láti inú ọkọ̀ ogun rẹ̀, ó kọ ìwé sí Simon Taylor, olóko ẹrú ní Jamaica, tí ó fi hàn pé ẹ̀yìn àwọn olóko ni òun wà. Àwọn tó ń tako ìfòpin sí òwò ẹrú tẹ ìwé náà jáde ní 1807 lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì ti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà kí ó lè gbóná sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ ní tirẹ̀ tó láti mọ ibi tí ó dúró sí. Ní Bridgetown, Barbados, níbi tí ère rẹ̀ ti wà láti 1813, ìjọba gbé ère náà kúrò ní Oṣù Kọkànlá, 2020. Ṣé ó yẹ kí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ kúrò lára ọmọ adúláwọ̀ pẹ̀lú?

Ẹ̀rí yìí lágbára, ṣùgbọ́n àṣìṣe àwọn ìwé pẹlẹbẹ náà ni ó tún ṣe: ó gbà pé ibi tí orúkọ ti wá ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Ìwé pẹlẹbẹ lọ bá Niall, àwọn wọ̀nyí lọ bá ọ̀gágun. Amòye Gẹ̀ẹ́sì náà, J. S. Mill, kọ ọ́ ní 1843 pé orúkọ ènìyàn kò ju àmì lọ, pé bí odò Dart bá yí ọ̀nà padà, ìlú Dartmouth kò ní torí rẹ̀ pàdánù orúkọ. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá kò lè gba èyí fún Bánkọ́lé tàbí Kòsọ́kọ́, níbi tí orúkọ ń bẹ ọmọ tí ó sì ń dá ikú lóhùn. Fún Nelson, Mill fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Orúkọ tó ti sọ Nel nù, tó ti sọ Niall nù, tí olùkọ́ kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọmọ ọdún méje, àmì ni. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ẹni tó ń jẹ́ ẹ lò lẹ́wọ̀n ni ó fi nǹkan sínú rẹ̀. Nígbà tí Wole Soyinka fi ọ̀rọ̀ tí ó sọ nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 júbà Mandela, ọ̀gágun kankan kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ohun tí òbí ń tọ́ka sí ní ọjọ́ ìkómọ ni èyí, kì í ṣe ogun Trafalgar. Ilé tí wọ́n wò ni ẹ̀wọ̀n Robben Island.

Èyí kò sọ Nelson di orúkọ Yorùbá. Kò ní ohùn tí ìlù lè sọ, ahọ́n a sì máa wá fáwẹ́lì tí yóò fi sí àárín kọ́ńsónáǹtì méjèèjì inú rẹ̀. Kò sí oríkì tó tẹ̀lé e: ìyá tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ láàárọ̀ kò ní fi Nelson bẹ̀ ẹ́, Àkànní tàbí Àjàní ni yóò pè. Níbi tí orúkọ méjèèjì bá wà lára ọmọ, Nelson a máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé, ti ilé a máa ṣiṣẹ́ ní ilé, bí ó ti rí ní Qunu gẹ́lẹ́. Níbi tí Nelson bá dá wà ni àdánù wà, nítorí pé kò lè ṣe iṣẹ́ ìyókù.

Láàárín 1986 sí 1990, tọ̀sán tòru ni àwọn olùfẹ̀hónúhàn fi dúró níwájú ilé aṣojú ìjọba Gúúsù Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń béèrè pé kí wọ́n tú Mandela sílẹ̀. Gbàgede Trafalgar ni ilé náà wà. Lókè orí wọn, lórí òpó gíga tí wọ́n parí ní 1843, ni ère Nelson ti àkọ́kọ́ dúró sí. Láti 2007 ni ère ti èkejì náà ti wà ní gbàgede iwájú ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì. Títì Whitehall ni ó já láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì.